Pépà mélòó ló ti dé etí bẹ́ẹ̀dì ọmọ tuntun?

Bí wọ́n bá fẹ́ yin ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìṣègùn lórílẹ̀-èdè yìí, iye pépà tó ti tẹ̀ jáde ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ọgọ́rùn-ún, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ o. Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ ká máa béèrè ni pé, èwo nínú àwọn pépà náà ló ti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn?

Ẹ jẹ́ ká fi èémí ọmọ tuntun ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún 1959, Mary Ellen Avery àti Jere Mead tẹ pépà kan jáde ní Amẹ́ríkà tó tú àṣírí ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Ohun kan wà tó ń yọ̀ bí ọṣẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ tí a bá mí síta. Ọmọ tí wọ́n bí láìtọ́jọ́ ò tíì ní in tó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá tí omi rin.

Ní New Zealand, dókítà kan, Graham Liggins, ń fi àgùntàn wádìí ohun tó ń mú kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé ọmọ àgùntàn tí òun fún ní sítẹ́rọ́ìdì nínú oyún ń mí lẹ́yìn tí wọ́n bí i, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ò tíì tó rárá. Òun àti Ross Howie, dókítà ọmọdé, wá dán an wò lára aláboyún 282, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1972. Láàárín àwọn tí ìrọbí dé bá lójijì, ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá wọn gba abẹ́rẹ́ náà ló kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ àwọn tí ò gbà á, ìdá 15 ni.

Ṣé ẹ rò pé ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbogbo dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Rárá o. Ó di 1994 kí ìgbìmọ̀ tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ tó sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n máa fún àwọn aláboyún tó yẹ. Ọdún 22 gbáko! Àwòrán àbájáde ìwádìí lórí oògùn yìí wà lára àmì ìdánimọ̀ àjọ Cochrane títí dòní, kí ayé má bàa gbàgbé ohun tí ìdádúró ń fà.

Nínú iṣẹ́ òfin tí mo kọ́, a mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òfin tí wọ́n tẹ̀ sínú gasẹ́ẹ̀tì tẹ́nikẹ́ni ò lò, ìwé lásán ni.

Tiwa wá ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, kìlọ̀ fún wa. Wọ́n fọ́n lílo oògùn náà ká àwọn agbègbè tí ìtọ́jú ò ti fi bẹ́ẹ̀ péye, ikú ọmọ tuntun lápapọ̀ sì lọ sókè dípò kó wálẹ̀. Ìyẹn ló mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe òmíràn ní ilé ìwòsàn 29 lórílẹ̀-èdè márùn-ún. Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọmọ wa, Dókítà Olúfẹ́mi Ọládàpọ̀, sì wà lára àwọn tó léwájú. Obìnrin 2,852 ló kópa. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2020: ìdá 19.6 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá wọn gba dexamethasone ló kú, ti àwọn tí ò gbà á jẹ́ 23.5. Tí aláboyún 25 bá gbà á, ẹ̀mí ọmọ kan ni wọ́n gbà là.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Láwọn ilé ìwòsàn tọ̀tẹ̀ yìí, ayẹ̀wò scan ni wọ́n fi mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún, ìtọ́jú ọmọ tuntun sì wà nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni scan, ọ́síjìn, iná mànàmáná tí kì í lọ àti nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé iṣẹ́ olùwádìí ni kó wádìí, iṣẹ́ ìjọba ni kó náwó. Òótọ́ ni, mo fara mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi di ẹ̀bi ru àwọn dókítà wa. Àmọ́ tí kọmíṣọ́nnà ètò ìlera bá wá gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì síwájú ilé aṣòfin, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi í: ilé ìwòsàn ìjọba mélòó ló ní ohun tí pépà 2020 yẹn ní kó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fún aláboyún ní abẹ́rẹ́? Káwọn yunifásítì náà, tí wọ́n bá fẹ́ sọ èèyàn di ọ̀jọ̀gbọ́n, béèrè ohun tí pépà rẹ̀ yí padà ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún sínú, ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí oyún yín jẹ́. Ọjọ́ tí ìrọbí bá dé láìtọ́jọ́, nọ́ńbà yẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ nílò.