Iná Ìkìlọ̀ Inú Ọkọ̀: Ìwé Tí Ó Yẹ Kí Gbogbo Awakọ̀ Lè Kà

Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, kí ẹ́ńjìnì tó dún, àwọn iná kéékèèké a tàn níwájú rẹ̀. Òmíràn pupa, òmíràn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, òmíràn jẹ́ àwọ̀ ewé. Àwòrán wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: agolo òróró, bátìrì, ẹ́ńjìnì, ènìyàn tó jókòó tó de ìgbànú. Wọn kò fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n. Ọkọ̀ ń sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹni tó ń wà á.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kì í ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí iná kan bá tàn tí kò kú, wọn a ní ọkọ̀ ṣáà ń rìn. Àwọn kan a lẹ nǹkan dúdú mọ́ ọn kí ó má baà dà wọ́n láàmú lóru. Àwọn mìíràn a ní kí mẹkáníìkì yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò wo àìsàn náà sàn. Ó kàn fi ọwọ́ di aláìsàn lẹ́nu ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọkọ̀ ṣe di ohun tó ń sọ̀rọ̀, àti ohun tí ìyípadà náà ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, mẹkáníìkì àti èrò ọkọ̀ nílẹ̀ wa.

Nígbà tí etí àti ọwọ́ ń ṣe gbogbo iṣẹ́

Ní ọdún 1886 ni Karl Benz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ń fi epo rìn. Ní ọdún 1888, ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz, wa irú ọkọ̀ náà láti ìlú Mannheim lọ sí Pforzheim, òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Ìrìn náà lé ní 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo lójú ọ̀nà nígbà náà. Ọ̀dọ̀ olóògùn ni ó ti ra epo ní ìlú Wiesloch. Nígbà tí ìdọ̀tí dí ọ̀nà epo, abẹ́rẹ́ tó fi de fìlà rẹ̀ ni ó fi là á. Nígbà tí ìjánu ń jẹ, ó ní kí oníṣẹ́ bàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Obìnrin tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ rin ìrìn jíjìn ni mẹkáníìkì ara rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnì. Wọn a ti irin kan bọ iwájú ọkọ̀, wọn a sì fi agbára yí i. Nígbà mìíràn, irin náà a ta padà, a sì ṣẹ́ ènìyàn lápá. Charles Kettering, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì jí ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni ó sì kọ́kọ́ lò ó. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò lágbára lápá náà lè di awakọ̀.

Àwọn àgbà tó wọ Peugeot 404 tàbí 504 láti Kútọnu lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tiwọn. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́nà, mẹkáníìkì a ṣí iwájú rẹ̀, a sì tẹ́tí. Bí ó bá gbọ́ tí nǹkan ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí. Bí èéfín bá dúdú, ó mọ̀ pé epo ti pọ̀ jù. Ìmọ̀ ńlá ni èyí. Ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ láìsí ìwé, láìsí tádàwà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí ti yàtọ̀.

Kọ̀ǹpútà wọ inú ẹ́ńjìnì

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kabúrétọ̀ ni ó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Bí ìdọ̀tí bá wọ̀ ọ́, a ó tú u, a ó fi epo fọ̀ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, a ó sì máa bá ìrìn wa lọ.

Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnì yóò mu. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ń wọn ooru, afẹ́fẹ́ àti èéfín, wọ́n sì ń ròyìn fún un láìsinmi. Ihò tí epo ń gbà fọ́n sínú ẹ́ńjìnì tín-ín-rín púpọ̀. Nítorí èyí, ọkọ̀ a máa jí wéré láàárọ̀, epo tó ń mu a dínkù, èéfín rẹ̀ náà a sì dínkù.

Ṣùgbọ́n ohun tó tín-ín-rín kì í fẹ́ ìdọ̀tí. Epo kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi tàbí eruku nínú. Kabúrétọ̀ lè fara da ìyẹn díẹ̀. Ihò tín-ín-rín ọkọ̀ òde òní a tètè dí, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju èrè tí awakọ̀ rò pé òun jẹ lórí epo náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ yí àṣà epo rírà rẹ̀ padà.

Ìjánu tó ń gba ọ̀nà mìíràn

Ní ayé àtijọ́, ọ̀gá awakọ̀ a máa kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé bí ewu bá dé lójijì, kí ó má ṣe tẹ ìjánu mọ́lẹ̀ pátápátá. Kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó tú u, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìdí ni pé bí táyà bá dúró gbagidi nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, ọkọ̀ a máa yọ̀ lọ. Bí awakọ̀ tilẹ̀ yí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ kò ní gbọ́.

Ní ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ Bosch àti Mercedes-Benz ní ilẹ̀ Jámánì gbé ìjánu kan jáde tí à ń pè ní ABS. Ẹ̀rọ kan ń ṣọ́ bí táyà ṣe ń yí. Bí ó bá rí i pé táyà kan fẹ́ dúró gbagidi, a tú ìjánu rẹ̀ díẹ̀, a sì tún mú un, nígbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn tó lè yára tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àtijọ́ kò bá ọkọ̀ tó ní ABS mu. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ewu bá dé, kí awakọ̀ tẹ ìjánu gidigidi, kí ó má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ó máa tọ́ ọkọ̀ lọ síbi tí ọ̀nà bá là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò mọ̀ pé ìjánu ń gbọ̀n. Kí ó má bẹ̀rù. Ẹ̀rọ náà ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń rìn lórí iyanrìn tàbí ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ ṣọ́ra: níbẹ̀, ọkọ̀ tó ní ABS lè gba ọ̀nà tó gùn jù kí ó tó dúró. Ìrìn pẹ̀lẹ́ ni ààbò ibẹ̀.

Ìgbànú àti àpò afẹ́fẹ́

Nils Bohlin, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ni ó ṣe ìgbànú tó ń gba èjìká àti ìbàdí fún ilé-iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959. Volvo sì gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu ògiri, ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń sá 50 lọ. Ohun tí yóò dá a dúró ni ìgbànú, tàbí ìtọ́kọ̀, tàbí gíláàsì.

Àpò afẹ́fẹ́ dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ká sínú ìtọ́kọ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, a wú kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá ti ní àpò yìí kò nílò ìgbànú mọ́. Irọ́ ni. Ìgbànú ló ń mú ènìyàn dúró síbi tí àpò ti lè gbà á. Agbára tí àpò fi ń wú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè pa ọmọ tí a gbé sórí itan níwájú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jókòó lẹ́yìn.

Bí a ṣe ń ka àwọn iná náà

Òfin àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ń sọ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́: iná iwájú tàn, tàbí iná tí a fi ń fihàn pé a fẹ́ yà. Àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé: ṣọ́ra, lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìpẹ́. Pupa ń sọ pé: dúró.

Bí agolo òróró pupa bá tàn nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, òróró kò dé ibi tó yẹ nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lè bà á jẹ́ pátápátá.

Bí iná ooru pupa bá tàn, ẹ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí omi nígbà tó ṣì gbóná; omi náà lè tú jáde, kí ó sì bó ènìyàn lójú.

Bí iná ìjánu pupa bá tàn, ẹ wò ó bóyá ìjánu ọwọ́ ni ẹ kò tú sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ìjánu ti dínkù. Ẹ má ṣe kó èrò.

Bí iná ABS bá tàn tí kò kú, ìjánu lásán ṣì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ABS kò ní ran yín lọ́wọ́. Bí iná àpò afẹ́fẹ́ bá tàn tí kò kú, àpò náà lè má wú lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Tòkunbọ̀ àti iná tó sọnù

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń lò gba èbúté Kútọnu tàbí ti Lomé wọlé lẹ́yìn tí àwọn ẹlòmíràn ti lò wọ́n ní òkè òkun. Kì í ṣe gbogbo òǹtajà ni olóòótọ́. Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ lè ṣe ìdánwò kan tí kò ná an ní kọ́bọ̀. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ láìjí ẹ́ńjìnì. Iná òróró, ti bátìrì, ti ABS àti ti àpò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá jí, wọ́n gbọ́dọ̀ kú. Èyí tó tàn tí kò kú ń sọ àìsàn. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tàn rárá ni kí ẹ fura sí jù. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kí ẹ má baà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn mẹkáníìkì pẹ̀lú. Láti ọdún 2001 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ pé ọkọ̀ tuntun tó ń lo epo bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ ní ẹnu kan, nítòsí ìtọ́kọ̀, tí a lè ki ẹ̀rọ bọ̀ láti ka àléébù tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà a fi lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin hàn. Ọmọṣẹ́ tó lè kà á yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò lè kà á yóò máa pààrọ̀ nǹkan kan tẹ̀lé òmíràn, owó oníbàárà yóò sì máa lọ. Etí ọ̀gá àtijọ́ ṣì wúlò, nítorí nọ́ńbà ń tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà ni, kì í sábà sọ ohun tó fà á. Ẹni tó bá ní etí, tó sì tún mọ̀wé, ni yóò jẹun nínú iṣẹ́ yìí lọ́la.

Àwọn ọlọ́kadà pàápàá kò sí lẹ́yìn. Ní Kútọnu àti Lomé, alùpùpù oníná ti wà lójú pópó, tí a ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ dípò kí a bu epo sí i. Ẹni tí kò lè ka nọ́ńbà ojú rẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá agbára tó kù yóò gbé òun délé.

Àwòrán mìíràn tún wà tó ń gba ojú awakọ̀: ti fóònù. Ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ju mítà 16 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ti rin ju mítà 30 lọ láìríran. Kí ó dúró kí ó tó kà á.

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Lọ́la, kí ẹ tó gbéra, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ ka àwọn iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wọ́n han ọmọṣẹ́ yín àti ẹni tó jókòó tì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ de ìgbànú yín, kí ẹ tó lọ.