Òjò Ń Rọ̀ Lọ́ọ̀ọ́kán, Àgbàrá Ń Pa Wọ́n Nínú Àpáta!

Pàlàpálá inú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà: ó lẹ́wà bí egbin, ó sì ti rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sọ́run

Bí wọ́n bá ní omi pa ẹni 11 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pé ọkọ̀ ojú omi ló dànù, tàbí pé odò ńlá kan ló kún àkúnya. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù August, ọdún 1997, inú aṣálẹ̀ gbígbẹ táútáú ni omi ti pa ẹni 11, nítòsí ìlú Page ní ìpínlẹ̀ Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Iyanrìn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Odò kankan kò sí níbẹ̀ tí ojú lè rí. Òjò tó kán sí ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan rárá. Ìgbafẹ́ ni wọ́n bá lọ o, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àgbàrá ti dé!

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lower Antelope Canyon. Títí di òní olónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti gbogbo ayé ló ń wọ́ lọ síbẹ̀. Owó ni wọ́n ń san, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kí ló wá wà níbẹ̀ tí ikú kò fi lé wọn sá?

OMI LÓ GBẸ́ ẸWÀ NÁÀ

Ilẹ̀ àwọn Navajo ni ibẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, Diné sì ni wọ́n ń pe ara wọn. Ilẹ̀ wọn gbòòrò gan-an ni: ó kan ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Arizona, Utah àti New Mexico.

Àpáta pupa ló kún ibẹ̀ lọ súà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé òkìtì iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kiri ni àpáta wọ̀nyí nígbà ìwáṣẹ̀, ó ti lé ní 170 mílíọ̀nù ọdún. Iyanrìn náà gbára jọ, ó dì, ó le, ó di òkúta. Nígbà tó yá, omi òjò rí ojú tóóró kan lára òkúta náà, ló bá gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo ìgbà tí àgbàrá bá ti ń kọjá, yóò kó iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ dání, yóò sì máa fi wọ́n ha ara àpáta bí ìgbà tí káfíńtà bá ń fi ìfági fá pákó. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di pàlàpálá tó jìn, tó sì tín-ínrín. Jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bí 120 ẹsẹ̀ bàtà. Ibòmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn yóò fi kọjá.

Bí ènìyàn bá dúró nísàlẹ̀ tó gbójú sókè, sánmà á rí bí okùn búlúù kan tí wọ́n ta sórí òkè. Ara àpáta á máa dán bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún, á lọ́ mọ́ra bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí oòrùn bá kan àtàrí, ìmọ́lẹ̀ á tọ́ wọlé láti òkè bí ọ̀pá wúrà. Abájọ tí àwọn ayàwòrán fi ń lọ síbẹ̀ ṣáá. Ní December 2014, iléeṣẹ́ ayàwòrán Peter Lik kéde pé ẹnìkan fi mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ dọ́là ra àwòrán kan ṣoṣo tó yà nínú pàlàpálá yìí!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn onílẹ̀ sọ apá òkè rẹ̀: Tsé bighánílíní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ibi tí omi ti ń gba inú àpáta kọjá.” Omi ni àwọn Navajo fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa ti gbọ́ ìkìlọ̀.

JÍÌPÙ NÍNÚ IYANRÌN

Kí ènìyàn tó dé Antelope ti apá òkè, ó di dandan kó wọ ọkọ̀ jíìpù tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, kí afinimọ̀nà sì wà á gba inú iyanrìn jíjìn lọ ní nǹkan bíi máìlì mẹ́ta. Iyanrìn náà kì í ṣe títì o. Ojú àgbàrá gan-an ni, ibi tí omi ń gbà nígbà tó bá dé, òun náà ni ọkọ̀ ń gbà nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.

Wíwa ọkọ̀ nínú iyanrìn, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má baà gbẹ́lẹ̀. Wọn kì í já búrékì lójijì. Wọn kì í sì í dúró níbi tí iyanrìn bá ti rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí táyà rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ṣe ni yóò máa tẹná mọ́ ọn. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni táyà á máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, títí ikùn ọkọ̀ á fi jókòó sílẹ̀ gbàgà. Lágbègbè Kanab ní Utah, níbi tí irú pàlàpálá yìí kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Peek-a-Boo, ọ̀pọ̀ àlejò tó rò pé jíìpù ti tó ló ti rì sínú iyanrìn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Ti Antelope rọrùn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọkùnrin tó lágbára á sunkún níbẹ̀. Ẹ wo Buckskin Gulch, ní ààlà Utah àti Arizona: ó lé ní máìlì 15 ní gígùn, ó sì wà lára àwọn pàlàpálá tóóró tó gùn jù lọ láyé. Bí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀, ibi tí ó lè gbà jáde láàárín ọ̀nà kò wọ́pọ̀. Yóò gun òkúta, yóò rin ẹrẹ̀, yóò la adágún omi tó tutù bíi yìnyín kọjá, nítorí oòrùn kì í ráyè dé ibẹ̀. Bó bá sì gbójú sókè, yóò rí ìtì igi gbọọrọ tó há sáàárín àpáta méjèèjì, lókè réré tí ọwọ́ kò lè tó. Ta ló gbé igi dé ọ̀hún? Omi náà ni! Ibi tí igi há sí yẹn ni omi kún dé.

ỌJỌ́ BURÚKÚ ÈṢÙ GBOMI MU

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí ní 1997, òjò alágbára kan rọ̀ ní apá òkè, níbi tó jìn sí pàlàpálá náà ní ọ̀pọ̀ máìlì. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ kì í tètè fa omi mu. Àpáta lásán ló pọ̀ níbẹ̀, koríko àti igi kò tó nǹkan. Gbogbo omi tó bá rọ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀. Bí ó bá tàn káàkiri pápá, ó lè máà ju kókósẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà lójú ihò tóóró kan, ògiri omi ló máa dà.

Àwọn arìnrìnàjò wà nísàlẹ̀, wọ́n ń wo ẹwà. Àkàsọ̀ igi ni wọ́n ń gùn wọlé tí wọ́n fi ń jáde nígbà náà. Omi dé wìì, ó kó igi, ó kó òkúta, ó gbé àkàsọ̀ lọ, ó sì gbé wọn lọ pẹ̀lú. Ẹni 11 ló kú: ará Faransé 7, ará Amẹ́ríkà 2, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ọmọ Sweden kan. Ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tí omi gbé ló yè é. Francisco Quintana ni orúkọ rẹ̀, afinimọ̀nà ni, ó sì ti kọ́ nípa bí a ti ń ṣe nínú omi tó ń sáré kó tó di ọjọ́ náà.

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó rántí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ọjọ́ 31 August 1980, mọ ohun tí àgbàrá lè ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà ti Ògùnpa, gbogbo ìlú ló rí òjò náà lórí ara wọn. Ti aṣálẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òjò ọ̀nà jíjìn ni, oòrùn sì lè máa ràn lórí ẹni tó fẹ́ pa!

ẸNI 7 WỌLÉ, ẸNI 7 KÒ JÁDE

Ní ọjọ́ 14 September 2015, ẹni 7 wọ Keyhole Canyon nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Zion, ní Utah. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n. Gbogbo wọn ló ti lé ní ogójì ọdún. Wọ́n gba ìwé àṣẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n sì sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí àgbàrá dé. Wọ́n lọ.

Ìlànà ọgbà náà ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún ènìyàn, ọwọ́ ẹni tó ń lọ ni ìpinnu wà. Nígbà tí ìkìlọ̀ ńlá jáde lọ́sàn-án, tí wọ́n ti àwọn pàlàpálá pa, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Gbogbo àwọn méjèèje ló bá omi lọ. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, nítòsí ìlú Hildale tí kò jìnnà síbẹ̀, àgbàrá gbé ọkọ̀ méjì pẹ̀lú àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn nínú rẹ̀. Ẹni 13 ló bá a lọ. Ogún ẹ̀mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

KÒ SỌ FÚN ẸNÌKAN

Omi nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Ní ọjọ́ 26 April 2003, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Aron Ralston, dá nìkan lọ sí Bluejohn Canyon ní Utah. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ìyá, kò sọ fún ọ̀rẹ́. Òkúta ńlá kan yí lé e, ó sì há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara àpáta. Ó fà á, ó tì í, òkúta kò mira. Wákàtí 127 ló lò níbẹ̀. Omi tó mú dání tán. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó ṣẹ́ egungun apá ara rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ kékeré gé e! Lẹ́yìn náà ló fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta gíga kan, ó sì fẹsẹ̀ rìn títí ó fi pàdé àwọn ènìyàn. Hẹlikópítà ló wá gbé e. Wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 2010. Ìbá sọ fún ẹnìkan ṣoṣo kó tó kúrò nílé ni, wọn ìbá tètè wá a lọ.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍLẸ̀ ṢE

Lẹ́yìn ikú àwọn ẹni 11 yẹn, àwọn Navajo kò ti ibẹ̀ pa títí ayé. Wọ́n tún un ṣe ni. Àkàsọ̀ onírin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara àpáta ló rọ́pò ti igi. Wọ́n fi àwọ̀n tí wọ́n lè jù sílẹ̀ fún ẹni tó bá há sísàlẹ̀ sókè. Rédíò tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí wà lẹ́nu ọ̀nà, fèrè ìkìlọ̀ náà wà. Kò sì sí ẹni tó lè wọlé láìsí afinimọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ sí, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí afinimọ̀nà bá ní lónìí kọ́, lónìí kọ́ náà ni.

Àwọn kan ń ráhùn pé owó náà ti pọ̀ jù, wọ́n ní wọ́n ń dà wọ́n bí ẹran. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ètò ibẹ̀ wé ti Zion. Ní Zion, àlejò ló ń pinnu fún ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Navajo, ẹni tó mọ ilẹ̀ ló ń pinnu fún àlejò. Ẹni tó ti wọkọ̀ òfuurufú, tó ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì, tó ti fi ẹnu fọ́nnu nílé, ó ṣòro kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò lọ mọ́. Owó tó ti ná ni yóò máa tì í lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó lè sọ pé rárá.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ LỌ

Àwọn tó bá fẹ́ lọ, tàbí tí wọ́n ní ọmọ ní Amẹ́ríkà tó ń múra àtilọ, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dání. Oṣù July sí September ni àrá àti òjò ọ̀sán ń jà jù lágbègbè náà. Kí wọ́n béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí lápá òkè, kì í ṣe níbi tí wọ́n dúró sí nìkan. Lítà omi mẹ́rin ni kí ẹnìkan mú dání fún ọjọ́ kan. Kí wọ́n wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tí wọ́n máa dé fún ará ilé.

Bí wọ́n bá wà nínú pàlàpálá, tí omi tó mọ́ bá ṣàdédé dọ̀tí, tí ewé àti igi bá ń léfòó bọ̀, tàbí tí wọ́n bá gbọ́ ìró bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lọ́nà jíjìn, kí wọ́n má dúró ya àwòrán, kí wọ́n má padà mú àpò. Kí wọ́n sá gun ibi gíga lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí omi á fi lọ.

Òwe Yorùbá kan ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ilé, onílé lè la kòtò, ó lè mọ odi. Nínú pàlàpálá yẹn, omi gan-an ni onílé, àlejò ni gbogbo ènìyàn tó bá wọ ibẹ̀. Bí onílé bá ń bọ̀, kí àlejò tètè dìde fún un.