Kámẹ́rà tòkunbọ̀ fún yíya ìràwọ̀ ní Niamey: ẹ bi ooru kí ẹ tó bi megapixel

Ẹni tó bá wọ ọjà Niamey láti ra kámẹ́rà tòkunbọ̀, megapixel ni olùtajà máa kọ́kọ́ kà sí i létí. Fún ẹni tó fẹ́ fi ya ìgbéyàwó, ìyẹn lè wúlò díẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ ya ìràwọ̀, ooru, eruku àti lẹ́ńsì ló ń pinnu bóyá owó rẹ̀ ṣòfò tàbí kò ṣòfò.

Kirkissoye jẹ́ ibi tó dára láti gbìyànjú rẹ̀. Apá ọ̀tún odò Ọya ni àdúgbò náà wà, níbi tí oko ìrẹsì ti tẹ́ lọ. Iná tó pọ̀ jù ní Niamey wà ní òdìkejì odò, nítorí náà ẹni tó bá kọjú sí gúúsù ti kẹ́yìn sí ìmọ́lẹ̀ ìlú. Gúúsù yìí náà ni àárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Milky Way máa ń gbà kọjá. Ní Niamey, ó máa ń gòkè tó nǹkan bí ìwọ̀n 47 lójú ọ̀run. Ní London, kì í tó ìwọ̀n 10.

Kí ni ooru ń ṣe sí kámẹ́rà?

Sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà ní àìmọye ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di iná mànàmáná. Àmọ́ ooru nìkan náà lè mú iná mànàmáná jáde níbẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ kankan kò tilẹ̀ sí. Lọ́sàn-án, tí kámẹ́rà bá là tó sì padé wàràwàrà, ẹ ò ní rí i. Lóru, tí ẹ bá là á sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó máa hàn bí àmì tóótòòtó, pupa, búlúù àti funfun, káàkiri àwòrán.

Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 Celsius gòkè, àbàwọ́n yìí máa ń di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ìyẹn wé ìmọ̀ràn tí àwọn ará Yúróòpù ń kọ nípa kámẹ́rà: òru tó lè tutù dé bí ìwọ̀n 10 ni wọ́n sábà fi ń dán an wò. Ní òru ìwọ̀n 28 ní Niamey, kámẹ́rà kan náà máa mú àbàwọ́n wá ní ìlọ́po mẹ́jọ.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ dán an wò níwájú olùtajà. Ẹ fi ìdérí bo lẹ́ńsì, ẹ fi ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára, sí 1600, kí ẹ yà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì fẹ àwòrán dúdú náà lójú. Àmì mélòó kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tí ìlà bá là á já, tàbí tí etí rẹ̀ bá ń pọ́n, ẹ dá a padà.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ọjọ́ orí kámẹ́rà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, bó bá ṣáà lè ya RAW (àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), tó ní M (ipò tí ẹ ti máa fọwọ́ ara yín ṣètò rẹ̀), tó sì lè fi ohun tí lẹ́ńsì ń rí hàn lójú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń pè ní Live View. Òun lẹ máa fi fẹ ìràwọ̀ kan lójú títí ó fi máa mọ́ kedere. Canon EOS 350D ti ọdún 2005 kò ní in, EOS 450D ti ọdún 2008 ní in. Nikon D3000 kò ní in, D3100 ti ọdún 2010 ní in.

Ẹ bèèrè iye ìgbà tí kámẹ́rà ti ya àwòrán. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà aláàárín ni wọ́n ṣe kí ó lè yà á ní nǹkan bí ìgbà 100,000. Nikon máa ń kọ iye náà sínú àwòrán fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Canon kì í ṣe bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹpútà àti okùn USB ni wọ́n fi ń wò ó.

Nítorí eruku, ẹ sún ojú lẹ́ńsì kéré dé f/22, kí ẹ ya ògiri funfun. Àmì dúdú tó bá hàn jẹ́ eruku orí sẹ́ńsọ̀, wọ́n sì lè nù ún kúrò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì pẹ̀lú: tí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, èébu ni. Ẹ má rà á.

Níbo ni owó yẹ kó lọ?

Lẹ́ńsì ni. Lẹ́ńsì tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá kì í ṣí ju f/5.6 lọ nígbà tó bá wà ní 55mm. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́, tí kò lè fúnra rẹ̀ wá ojú (autofocus) lórí Nikon kékeré, máa ń dínwó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ lẹ fi ń wá ojú ìràwọ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (tripod) tó dúró gbọin, tí ẹ máa gbé kámẹ́rà lé, ló tẹ̀ lé e. Ayé ń yí ní ìwọ̀n 15 ní wákàtí kan, nítorí náà ìràwọ̀ máa ń fà bí ìlà. Láti mọ iye àkókò tí ẹ lè là á sílẹ̀ kí ìlà tó hàn lórí Nikon bí D3100, ẹ fi gígùn lẹ́ńsì pín 500, kí ẹ sì tún fi 1.5 pín èsì rẹ̀: 18mm máa fún yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18, 50mm máa fún yín ní bíi 6.

Ẹ ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán, kí ẹ tún fi ìdérí bo lẹ́ńsì ya mélòó kan ní òru kan náà. Siril tàbí DeepSkyStacker, tí wọn kì í gba owó, máa yọ àbàwọ́n ooru kúrò, wọ́n á sì to àwòrán ìràwọ̀ léra. Àsìkò tó dára jù ni lẹ́yìn tí òjò bá dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹwàá, kí eruku ọyẹ́ tó gba ojú ọ̀run.

Ohun kan ṣì ń bọ̀ tí ooru kò ní dí lọ́wọ́: òṣùpá tún máa bo oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn pátápátá láti Gánà, Tógò àti Benin dé Nàìjíríà àti Niger. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2027, apá kan Àríwá Áfíríkà máa ṣókùnkùn pátápátá; ní Niamey, apá kan oòrùn ni òṣùpá máa bò. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ yín lè yà á, àmọ́ fíltà oòrùn gbọ́dọ̀ wà níwájú lẹ́ńsì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ lè jóná. Ẹ yọ owó fíltà yẹn sọ́tọ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà kámẹ́rà.