Ìgbéyàwó kò wọ́n, àríyá ló wọ́n: bí èbúté Àpápá ṣe ń fọwọ́ kan ìnáwó Ajégúnlẹ̀

Ohun tó ń sọ ọkùnrin àti obìnrin di tọkọtaya kò gba owó ńlá, ì báà jẹ́ lójú àṣà tàbí lójú òfin. Nílẹ̀ Yorùbá, owó orí kì í sábà pọ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń dá a padà fún àwọn àna lójú agbo, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ. Oyin, iyọ̀, orógbó, obì, ataare àti iṣu tí wọ́n fi ń ṣàdúrà níbi ìdána kò kọjá ohun tí ènìyàn lè rà lọ́jà Boundary ní Ajégúnlẹ̀. Ti ìjọba náà kò le. Òfin ìgbéyàwó, tí irú rẹ̀ ti wà ní Èkó láti 1884, ní kí ẹ fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó fún ọjọ́ 21, kí ẹ san owó ìwé, kí ẹ mú ẹlẹ́rìí méjì wá, kí ẹ sì ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé. Owó tó ń ti àwọn ọ̀dọ́ sínú gbèsè wà níbòmíràn: nínú oúnjẹ, aṣọ, àga àti ìlù.

Ibi tí iye owó oúnjẹ àti aṣọ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Àdúgbò náà kún fún àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté, àwọn tó ń wa tírélà, àti òṣìṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Àpápá. Flour Mills of Nigeria ti ń lọ àlìkámà ní Àpápá láti 1962, òkèèrè sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí Nàìjíríà ń lò ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà Dangote náà wà létí omi níbẹ̀, ṣúgà tí ọkọ̀ òkun kó wá láìtíì fọ̀ ló ń fọ̀. Kéèkì, puff-puff, chin-chin àti mínírà tí ẹ óò gbé síwájú àlejò, dọ́là ti kàn wọ́n kí alásè tó dáná.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, 2023, báǹkì àpapọ̀, CBN, jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 títí di ìgbà yẹn kọjá ₦1,500 ní 2024. Ẹ wò ó báyìí: léèsì tí wọ́n ń ta $200 ní òkèèrè jẹ́ ₦94,000 tẹ́lẹ̀, ó wá di ₦300,000, kí ẹni tó kó o wọlé tó jèrè kọ́bọ̀. Owó ẹnubodè tún gun orí rẹ̀. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, iye tí àwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò dọ́là kò tó ₦430. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦1,300. Kọntéínà kan náà, ẹrù kan náà, ìdá kan náà nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ owó náà di ìlọ́po mẹ́ta. Ìyàwó tó ń ra gèlè ní Balógun kò fojú kan aṣọ́bodè rí, àmọ́ òun ló ń san án.

Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, NBS, ní ọjà ti fi 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò padà, iye náà sì bọ́ sí 24.48. Ibí yìí ló ti ń rú àwọn ènìyàn lójú. Bí iye yẹn bá wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ìrẹsì tàbí màlúù ti dínwó. Eré tí owó wọn fi ń gòkè ló rọlẹ̀. Ẹ má ṣe torí ìròyìn bẹ́ẹ̀ sún ìrajà síwájú. Ohun tí kì í tètè bàjẹ́, bí ìrẹsì, òróró àti àwo, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín rà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka owó, ẹ ka orí. Bí àwo kan bá gba gíráàmù 150 ìrẹsì tí a kò tíì sè, àpò kìlógíráàmù 50 yóò fún yín ní nǹkan bí àwo 333. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àfi tí ẹ bá rántí pé àlejò Èkó a jẹ tán, a sì di ti ilé dání, àti pé àwọn mo-gbọ́-mo-yà kò ní í pẹ́ dé. Orí kan tó lé kì í ṣe àwo oúnjẹ nìkan: ó tún jẹ́ àga, omi, mínírà, ẹran àti ẹ̀bùn tí wọ́n máa gbé lọ sílé. Ẹni tó yan kéèkì kékeré dín ìlà kan kù nínú ìwé ìnáwó rẹ̀. Ẹni tó yọ ọgọ́rùn-ún orúkọ dín gbogbo ìlà kù.

Mo mọ̀ pé yíyọ orúkọ ṣòro ní Ajégúnlẹ̀. Ilé fara kan ilé, àwọn tó bá yín tọ́ ọmọ kò sí lórí ìwé ìpè kankan. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó sá lọ sí gbọ̀ngàn olówó iyebíye ní Àpápá kí aládùúgbò má baà rí i. Kánópì lójú títì tàbí nínú ọgbà ilé-ìwé dára, tí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí kì í sì í ṣe oṣù kẹfà tàbí oṣù keje tí omi òjò ń gba ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ìwé ìnáwó tí wọ́n ń pín kiri kì í mẹ́nu bà. Yorùbá, Ìlàjẹ, Íjọ̀, Ùrhóbò àti Ígbò ló jọ ń gbé Ajégúnlẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ọmọ Ígbò lè gba lístì ohun ìdána kan láti ọ̀dọ̀ ìdílé ìyàwó, kí ìdílé tirẹ̀ náà tún ní kí alága ìdúró àti alága ìjókòó wá. Ìdílé ìyàwó á sì fẹ́ kí àwọn ará ọkọ wá sí abúlé. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó bọ́ọ̀sì lọ sí ìlà-oòrùn lè gbé ìdá tó tóbi nínú ìnáwó náà mì. Kí àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó papọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, kí wọ́n fẹnu kò lórí ayẹyẹ kan tó máa kún, kí èkejì jẹ́ ti ìdílé nìkan.

Aṣọ ẹbí ni mo rò pé ó yẹ kí a bá ara wa sọ òótọ́ lé lórí jù. Léèsì tí a ń fi ṣe é, láti nǹkan bí ọdún 1960 ni àwọn oníṣẹ́-ọnà abẹ́rẹ́ ní Vorarlberg, lórílẹ̀-èdè Austria, ti ń ṣe é fún ọjà Nàìjíríà. Ṣáínà náà ti ń ṣe é báyìí. Àwọn ìdílé kan ń lé owó lé e, kí wọ́n lè fi èrè rẹ̀ ra ẹran. Kò burú bí àwọn tó ń rà á bá mọ̀. Ibi tó ti ń burú ni kí tọkọtaya fi owó ara wọn ra aṣọ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kí ogójì má sanwó. Ẹ gba owó tán kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká léèsì, kó wọ gèlè tàbí fìlà aláwọ̀ kan náà, kó sì jókòó síwájú bíi ti àwọn yòókù.

Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000 ní 2024, ti òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó sì di ₦85,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn Ajégúnlẹ̀ kò tilẹ̀ gba owó oṣù rárá. Àjọ ni wọ́n gbójú lé. Àwọn méjìlá tó ń dá ₦50,000 lóṣù yóò máa kó ₦600,000. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o, bíi pé ó yá owó láìsí èlé ni. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ló pàdánù. Bí ọjà bá fi 34 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n láàárín ọdún kan, ₦600,000 tirẹ̀ kò ní í ra ju ohun tí nǹkan bíi ₦448,000 ń rà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tí ìgbéyàwó bá ti ń bọ̀, ẹ bẹ aláàjọ kó fi yín ṣáájú, kí ẹ sì fi owó náà ra ọjà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sàn ju owó tí ẹ máa yá lórí fóònù lọ. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀ nítorí ìdẹ́rùbà àti ìtìjú tí wọ́n fi ń gba gbèsè, ẹ̀yáwó fún oúnjẹ ọjọ́ kan kò sì yẹ kó máa lé ìyàwó tuntun kiri.

Àwọn kan á ní ìnáwó á san ara rẹ̀ padà, pé wọ́n á rí owó kó lójú agbo. Abala 21 nínú òfin CBN ti 2007 ka níná náírà mọ́ ènìyàn lára lójú agbo ijó sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò kà á sí. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà láìsí ààyè ìtanràn. Àpò ìwé àti fífi owó ránṣẹ́ sí báǹkì kò lòdì sófin, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè mọ iye tó máa wọlé. Nínú ìwé ìnáwó, ẹ kọ òdo síwájú rẹ̀.