Jíìnì Kan Tó Kan Kídìnrín Wa

Ọ̀rọ̀ kídìnrín ni mo gbé wá lónìí.

Jíìnì APOL1 ló ń pèsè purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, bá gbé e mì, á dá ihò sí awọ inú kòkòrò náà, á sì pa á. Àwọn onímọ̀ gbà pé nítorí irú ààbò yìí ni oríṣi rẹ̀ méjì, G1 àti G2, ṣe gbilẹ̀ l'Áfíríkà. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2010, nínú ẹ̀dà jíìnì 100 tí wọ́n yẹ̀ wò lára àwa Yorùbá, bíi 38 ló jẹ́ G1.

Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jogún oríṣi yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, purotéènì náà lè rìn láti inú sẹ́ẹ̀lì kídìnrín dé awọ rẹ̀, kó dá ihò síbẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì náà bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn o.

Èmi ti ní kí dókítà mi yẹ ìtọ̀ mi wò, kó sì wò ó bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí kídìnrín kì í tètè ké. Bí ẹ bá sì fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní kídìnrín kan, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà nípa APOL1.