Àkọlé Kúkúrú Ní Ń Pe Oníbàárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ nìkan. Ó kan àwọn oníṣòwò wa pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ń pàtẹ ọjà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní. Ojú-ìwé tí kò ní àkọlé gidi dà bí ìsọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa: ọjà kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà ń kọjá lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a wo Ọjà Ńlá Treichville ní ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Afárá Houphouët-Boigny, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ni ó gba orí ọ̀sà so Treichville pọ̀ mọ́ àdúgbò Plateau. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Ànàgó.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àǹkárá. Nọ́ḿbà ni ilé-iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní ilẹ̀ Netherlands ní ọdún 1846, fi ń mọ àwọn aṣọ rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Abidjan, ní Lomé àti ní àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n sọ aṣọ wọ̀nyí lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ « Mon mari est capable », èyí ni pé apá ọkọ mi ká a. Òmíràn ń jẹ́ « L'œil de ma rivale », èyí ni ojú orogún mi. Ta ni yóò rántí nọ́ḿbà? Orúkọ ni obìnrin ń rántí, òun ni ó sì ń fi béèrè aṣọ nígbà tí ó bá dé ọjà.

Iṣẹ́ kan náà ni àkọlé àgbà ń ṣe fún ojú-ìwé. Nínú HTML, èdè àmì tí a fi ń kọ ojú-ìwé, ipele àkọlé mẹ́fà ni ó wà. H1 ni àgbà gbogbo wọn. Ẹ̀rọ awárí bí Google a máa lọ káàkiri, a máa ka àwọn ojú-ìwé, a sì máa to ọ̀rọ̀ inú wọn jọ. Bí ẹnì kan bá wá tẹ ohun tí ó ń wá, ẹ̀rọ náà yóò wo ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá a mu. Àkọlé wà lára ohun tí ó fi ń mọ ohun tí ojú-ìwé dá lé. Òun nìkan kọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àkọlé dáradára yóò gbé ojú-ìwé dé ipò kìíní. Ṣùgbọ́n èyí tí kò sọ nǹkan kan kò lè ran olówó rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí aláṣọ kan bá kọ ọ́ pé « Ẹ Káàbọ̀ Sí Ilé Ìtajà Wa Tí Ó Gbayì, Níbi Tí Oníbàárà Ti Jẹ́ Ọba », kí ni ó tà? Ata ni, tàbí bàtà? Bí ó bá kọ « Àǹkárá Ọ̀pá Mẹ́fà ní Ọjà Treichville », ó ti sọ ọjà, ó ti sọ ìwọ̀n, ó ti sọ ibi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó.

Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń lò ni kí a lò. Ará Abidjan tí ń sọ Faransé yóò tẹ « pagne ». Ará Èjìgbò yóò tẹ « àǹkárá ». Ẹni tí ó bá fẹ́ tà fún àwọn méjèèjì, kí ó ya ojú-ìwé kan sọ́tọ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì kọ Yorùbá, kí ó má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ṣeré: bí a bá gbọn àmì dànù, oko tí a ń ro, ọkọ tí a fẹ́, ọkọ̀ tí a wọ̀ àti ọkọ́ tí a fi ń ro oko di ọ̀kan náà.

Ẹ kíyè sí ohun méjì mìíràn. Ẹ má ṣe sọ àkọlé di àwòrán lásán. Àwọn afọ́jú ń lo ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè, wọ́n a sì máa ti orí àkọlé kan bọ́ sí òmíràn láti rí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Èkejì, òtítọ́ ni kí àkọlé sọ. Ẹni tí a fi orúkọ àǹkárá fà wọlé, tí ó bá bàtà níbẹ̀, yóò jáde, bóyá ni yóò sì tún padà.

Kí a tó gbé ojú-ìwé jáde, ẹ jẹ́ kí a ka àkọlé rẹ̀ nìkan fún ẹni tí kò tíì rí ìyókù. Bí ó bá lè sọ ohun tí a ń tà, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí a tún un kọ.