Eré Àfẹnuṣe: Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Orúkọ Ohun Tí À Ń Ṣe

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní eré ni à ń fi ọmọ ayò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti ọpọ́n láìmọ òfin ayò, ìjà ni yóò fi eré náà dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré kan tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ní Ọjà Àlàbá, lẹ́bàá títì Èkó sí Àgbádárìgì, tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti ẹ̀rọ eré pọ̀ lọ jàra. Àwọn ọ̀dọ́ mọ eré orí ẹ̀rọ dunjú. Ṣùgbọ́n eré tí mo ń wí yìí kò fẹ́ ẹ̀rọ, kò fẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná. Bébà, pẹ́ńsù, dáìsì àti ẹnu ni a fi ń ṣe é. Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ tà ní ọdún 1974. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mọ orúkọ nǹkan wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣèré ni ẹni tí ó jókòó sí ìdí tábìlì. Ẹ̀dá ìtàn ni ẹni tí òṣèré náà ń ṣe bí ẹni pé òun ni; a ó kọ agbára rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ àti bí ẹnu rẹ̀ ti dùn tó sí orí bébà pẹ̀lú iye tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adarí eré ni ẹni tí ń sọ ohun tí ojú rí, tí ó sì ń ṣe ìdájọ́. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ohun tí a dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Ti lúdò ní ojú mẹ́fà, ṣùgbọ́n ti eré yìí tí ó lókìkí jù lọ ní ogún ojú.

Ẹ jẹ́ kí á fi Àlàbá ṣe àpẹẹrẹ. Adarí wí pé: “Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀gá yín ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta dé Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n owó tí awakọ̀ pè ju ti ọwọ́ yín lọ. Kí ni ẹ ó ṣe?” Òṣèré kan ní òun yóò bẹ awakọ̀. Adarí ní kí ó ní 15, ó kéré tán. Òṣèré da dáìsì, ó rí 12; ó fi 3 tí ó wà fún ẹnu dídùn kún un, ó di 15. Awakọ̀ gbà! Bí ó bá jẹ́ 14 ni, awakọ̀ yóò kọ̀, ìtàn yóò sì gba ibòmíràn lọ. Kò sí ẹni tí ó fi owó lélẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jẹ owó ẹnìkejì. Èyí kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Ibi tí ìjà ti ń wá gan-an nìyí. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan tí mo ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ní Okokomaiko fẹ́rẹ̀ẹ́ túká lórí eré yìí. Èkíní ń fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́gun kí èrè sì pọ̀. Èkejì ń fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ inú ìtàn lọ wo ìyá rẹ̀ tí ó ti fi sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀kẹta ń bínú pé kò sí awakọ̀ tí yóò gba irú owó bẹ́ẹ̀ láyé. “Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọ́n ń ba eré jẹ́!” Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ń ké.

Kò sí ẹni tí ó ń ba eré jẹ́ nínú wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1997 ni àwọn tí ń ronú lórí eré yìí ti pín ohun tí òṣèré ń wá sí ọ̀nà mẹ́ta: ìfigagbága, ìtàn tí ó wọni lára, àti kí nǹkan rí bí ó ti yẹ kí ó rí nínú ayé tí a ń sọ. Ron Edwards, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé gígùn lé irú ìpín yìí lórí ní 2001. Ọ̀pọ̀ ni kò gbà fún un, nítorí ẹnìkan lè fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ìbéèrè náà wúlò púpọ̀. Nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ náà sọ ohun tí olúkúlùkù ń wá, tí wọ́n sì fetí sí ara wọn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n tún jókòó. Ọmọ iṣẹ́ náà jèrè, ó sì fi èrè náà wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè bà yín. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní 1983, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti eré yìí, wọ́n ní ti èṣù ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá ọmọ wí, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ọmọ tí ó ń ka ìwé òfin, tí ó ń ṣe ìṣirò, tí ó ń fi èdè baba rẹ̀ ro ìtàn láìkọsẹ̀, iṣẹ́ tí àwa tíṣà ń fẹ́ ni ó ń ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó da dáìsì, ẹ bi ara yín léèrè: kí ni a wá ṣe níbí? Ọ̀rọ̀ tí a bá ti jọ sọ sílẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.